Ìtọ́jú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi kí òtútù tó dé

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Orí omi iyọ̀ ni mo ti ń wa ọkọ̀ ìgbafẹ́ mi, n kò sì ní lò ó títí ìgbà òtútù yóò fi kọjá. Kí ni kí n ṣe sí ẹ́ńjìnnì ẹ̀yìn rẹ̀?

Ìdáhùn kìíní: Ẹ fi omi tí kò níyọ̀ fọ inú rẹ̀, kí ẹ sì gbé e dúró ṣánṣán kí gbogbo omi lè ro dànù, nítorí omi tó bá dì máa ń fẹ̀ ní nǹkan bí ìdá 9 nínú 100, ó sì lè la irin.

Ìdáhùn kejì: Òótọ́ ni. Ẹ tú ọ́ìlì jíà wò pẹ̀lú. Bí ó bá funfun bíi wàrà, omi ti wọlé, ẹ pààrọ̀ rọ́bà tó ń dí i.

Olùbéèrè: Ẹ ṣeun. Bẹntiróòlù ńkọ́?

Ìdáhùn kejì: Ẹ da oògùn tí kì í jẹ́ kí epo bàjẹ́ sí i, nígbà tí ẹ bá sì ń fi omi fọ ẹ́ńjìnnì ni kí ẹ tàn án, kí ó lè dé kabúrétọ̀, ìyẹn ibi tí epo ti ń pò mọ́ afẹ́fẹ́.