Ẹ sọ tiyín: báwo lẹ ṣe ń yọ èròjà inú ewé àti egbò jáde?

Ewé_ń_jẹ́: Ẹ̀yin ará, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ta ló ti yọ èròjà inú ewé, èèpo tàbí egbò jáde fúnra rẹ̀ rí? Ṣé ẹ sè é ni, ẹ rẹ ẹ́ sínú ọtí ni, àbí oru lẹ fi gbé e? Ohun tójú yín rí ni mo fẹ́ gbọ́ o.

Ìyá_Àbíkẹ́yìn: Sísè. Ó parí.

Ọ̀gá_Láàbù: Ẹ̀yin ìyá wa, kò tíì parí. Wọ́n gbé ata ilẹ̀ pupa fún wa níbi iṣẹ́, pé ká yọ ohun tó ń pọ́n nínú rẹ̀. Ọmọ tó wà lọ́dọ̀ mi sè é títí, omi ò kúkú pọ́n dénú. Mo ní kó sẹ́ omi yẹn dànù, kó da ethanol, ìyẹn irú ọtí tó wà nínú ọtí mímu, sórí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó kù. Kíá, ìgò pọ́n rúsúrúsú. Curcumin ni wọ́n ń pe ohun náà. Òun àti omi kì í rẹ́, ọtí àti òróró ló ń bá rẹ́.

Tìẹ_ló_yé_ọ: Kí lẹ wá fi ojú ọmọ náà rí? 😂

Ọ̀gá_Láàbù: Mi ò fi ojú rẹ̀ rí nǹkan. Aṣọ funfun ọrùn rẹ̀ ló jìyà.

Ìyá_Àbíkẹ́yìn: Tí sísè ò bá dáa, kí ló dé tí àwọn tó ṣáájú wa ń sè? Ẹ má fi ìwé bú àgbà.

Arábìnrin_Onígò: Mà, ìwé àgbà gan-an ló tú àṣírí ọ̀kan. Tu Youyou, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ṣáínà ń wá oògùn ibà nínú ewé qinghao. Tó bá ṣiṣẹ́ lónìí, kò ní ṣiṣẹ́ lọ́la. Obìnrin yìí lọ tú ohun tí Ge Hong, oníṣègùn àtijọ́ kan ní Ṣáínà, kọ ní ọ̀rúndún kẹrin wò. Ge Hong ní kí wọ́n rẹ ewé náà sómi, kí wọ́n fún un, kí wọ́n mu oje rẹ̀. Kò dárúkọ iná rárá! Àṣé ooru ló ń ba oògùn jẹ́. Ló bá lo ether, ohun olómi kan tó ń hó ní nǹkan bí 35°C péré. 1971 nìyẹn. Nígbà tó di 1972, òun fúnra rẹ̀ wà lára àwọn tó kọ́kọ́ mu ún wò. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 2015.

Ìyá_Àbíkẹ́yìn: Ẹ ṣeun. Ẹ rí i pé àgbà ló mọ̀ ọ́n.

Ọmọ_Egbò: Ẹ má tìtorí ìyẹn pa iná o. Èèpo igi líle ò ní tú nǹkan gidi fún yín nínú omi tútù. Ewé rírọ̀ àti òdòdó lẹ ń da omi gbígbóná lé, kẹ́ ẹ sì dé e. Èèpo àti egbò, ẹ sè wọ́n.

Olóòórùn_Dídùn: Oru ni tèmi. Omi nísàlẹ̀, ewé lórí asẹ́. Oru á gba àárín ewé kọjá, á wọ páìpù tí omi tútù yí ká, á sì máa kán sínú ìgò. Ó kọ́kọ́ máa ń funfun bíi mílíìkì tí wọ́n bomi là. Tẹ́ ẹ bá fi sílẹ̀, á tòrò, òróró á léfòó. Ewé kún apẹ̀rẹ̀, òróró lè má kún ṣíbí! Àmọ́ lọ́jọ́ tá a ṣe kànáfùrù, a wojú omi títí, a ò rí òróró. Ẹnìkejì mi ti gbé ìgò dé ẹnu gọ́tà kí n tó kígbe. Ìsàlẹ̀ ló wà!

Jẹ́jẹ́_Layé: Haa! Àyà mi já.

Tìẹ_ló_yé_ọ: Ó dà á nù àbí kò dà á nù? Ẹ má fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ síbẹ̀ yẹn.

Olóòórùn_Dídùn: Díẹ̀ dànù. Gọ́tà wa ta sánsán.

Ọ̀rọ̀_Ò_Tán: Irọ́ ni. Òróró wo ló ń rì sómi?

Arábìnrin_Onígò: Eugenol ló pọ̀ jù nínú òróró kànáfùrù, ó sì wúwo ju omi lọ. Lọ kán an sómi kó o wò ó.

Ọ̀rọ̀_Ò_Tán: Ó dáa, mo gbà fún kànáfùrù nìkan.

Jẹ́jẹ́_Layé: Ọtí wo lẹ ń lò? Ẹnì kan ní kí n lo methanol, pé ọtí ni gbogbo wọn.

Ọ̀gá_Láàbù: Sá fún ẹni yẹn! Methanol ń fọ́ni lójú, ó ń pani. Ethanol ni kó o lò fún ohun tó máa dé ẹnu. Kò sì di dandan kó jẹ́ ògidì. Èyí tó jẹ́ ìdá 70 nínú 100, tí ìyókù jẹ́ omi, ló sábà máa ń kó nǹkan jáde jù, torí ohun tó ń bá omi rẹ́ àti ohun tó ń bá ọtí rẹ́ á jọ jáde. Má gbé e súnmọ́ iná o.

Ọmọ_Egbò: Wọ́n gbé e sórí sítóòfù lójú mi rí. Irun ìpéǹpéjú ẹni yẹn ò ṣẹ́ku.

Ìyá_Àbíkẹ́yìn: Omi kì í gbiná.

Tìẹ_ló_yé_ọ: Ìyá ti tún dé 😂😂

Ọ̀rọ̀_Ò_Tán: Kí tiẹ̀ ni ẹ ń yọ ẹyọ èròjà kan ṣoṣo fún? Ẹ jẹ́ ká lo odindi ewé.

Arábìnrin_Onígò: Nítorí ìwọ̀n ni. Ewé tó o já nígbà òjò lè má lágbára tó ti ẹ̀ẹ̀rùn. Nígbà tí Sertürner, apoògùn ará Jámánì, yọ morphine tó ń pa ìrora nínú opium, ìyẹn oje igi poppy, ní nǹkan bí 1804, ìyẹn ló jẹ́ kí dókítà lè wọn ohun tí wọ́n ń fúnni.

Ọmọ_Egbò: Ohun tó mọ́ gaara yẹn náà ló tètè ń pani tó bá pọ̀ jù.

Arábìnrin_Onígò: Òótọ́ ni. Ìdí nìyẹn tá a fi ń wọ̀n ọ́n.

Jẹ́jẹ́_Layé: Ẹ dákun, ewé tí mo gún ti kúnná jù, ó dí asẹ́ pa. Kí ni kí n ṣe?

Ọ̀gá_Láàbù: Wóró-wóró ló yẹ kó rí, kì í ṣe ẹ̀lúbọ́.

Jẹ́jẹ́_Layé: Mo ti gún gbogbo rẹ̀ tán.

Ọ̀gá_Láàbù: Fi òwú sẹ́ ẹ, kó o sì wá àga jókòó.