Pákó oníhò fún àwa tí à ń ki ọta nílé: ká rà á ni, àbí ká gbẹ́ ẹ?

Àbúrò Houston: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀rọ ìtẹ̀ ti wà nílẹ̀, òṣùwọ̀n ti wà, ó ku pákó oníhò tí èèpo ọta, ìyẹn kòròfo idẹ tí à ń ki ẹ̀tù sí, máa dúró sí. Ọta 9mm (ti ìbọn ìléwọ́) àti .223 (ti ìbọn gígùn) ni mo fẹ́ máa ki. Oníke kan wà tí wọ́n ní ó bá gbogbo ọta mu. Ṣé kí n rà á, àbí kí n fi igi ṣe é? Báwo ni ihò ṣe yẹ kó fẹ̀ tó?

Bàbá Ọdẹ, Dallas: Má rà á. Idí èèpo .308, ọta ìbọn gígùn mìíràn, fẹ̀ tó 0.473 íǹṣì, ti .223 ò ju 0.378 lọ. Ihò tó bá gba .308, ṣe ni .223 á máa fì nínú ẹ̀ bí ọ̀mùtí. Bí èèpo bá sì ti dagun, ẹ̀tù inú ẹ̀ á wọ́ sápá kan, ojú á tàn ọ́ jẹ. Bẹ́ẹ̀ torí ojú la ṣe ń lo pákó yìí: kó o lè tan tọ́ọ̀ṣì sí 50 èèpo lẹ́ẹ̀kan náà, kó o rí èyí tí ẹ̀tù ẹ̀ pọ̀ jù tàbí tí kò ní rárá, kó o tó fi ọta dé e lórí.

Idí èèpo, níbi tó fẹ̀ jù, ni kó o fi caliper (irin tí a fi ń wọn fífẹ̀ nǹkan) wọ̀n. Fi nǹkan bíi 0.010 sí 0.020 kún un, ìyẹn ni fífẹ̀ ihò. 9mm jẹ́ 0.394, ẹnu dírìlì 13/32 (0.406) bá a mu rẹ́gí. .223 fẹ́ 25/64. Bí o kò bá fẹ́ ra ẹnu méjì, 13/32 yẹn á gbà á náà, àyè á kàn ṣẹ́kù díẹ̀, nítorí náà jẹ́ kí ihò ẹ̀ jìn. .308, .30-06 àti .45 ACP, 1/2 íǹṣì ni gbogbo wọn. .38 Special àti .357 létí nídìí, 0.440 ni etí ọ̀hún, 29/64 ni tiwọn. .44 Magnum, 17/32.

Ní ti jíjìn, èèpo 9mm kúrú, gbogbo ara ẹ̀ ò ju 0.754 lọ. Ihò 3/8 tó o. Bó bá jìn jù bẹ́ẹ̀, ìka ò ní ríbi dì mú. .223 ga tó 1.76, fún un ní 5/8.

Ẹ̀gbọ́n Káfíńtà, Columbus: Bàbá ti sọ ti ihò, ẹ jẹ́ kí n sọ ti igi. Pákó tí wọ́n ń pè ní 2x4 ní Amẹ́ríkà níbí, 1½ sí 3½ íǹṣì ló jẹ́ gan-an. Ìwọ̀n yẹn bọ́ sí i fún 9mm àti .223. Jẹ́ kí àárín ihò kan sí àárín ìkejì jẹ́ 5/8. Ìlà 5, ihò 10 lórí ìlà kọ̀ọ̀kan. Fi 1/2 íǹṣì sílẹ̀ létí yíká, gígùn ẹ̀ á jẹ́ 6⅝, ìbú ẹ̀ á sì jẹ́ 3½ géérégé. Ọpọ́n ayò alágbára nìyẹn. Fún .308, fi àlàfo 3/4 sí i. Ìyẹn ò ní gba 2x4 mọ́, 2x6 ni kó o wá.

Àmọ́ igi ilé kíkọ́ yẹn, ó sábà máa ń tutù nínú. Bó bá gbẹ tán á lọ́, pákó á máa jó lórí tábìlì. Etí ihò ẹ̀ á sì tún máa ya. Bí o bá rí àjákù maple tàbí cherry lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe àga, òun ni kó o mú.

Má fi dírìlì ọwọ́ gbẹ́ ẹ. Ihò 50 tí ọwọ́ gbẹ́, 50 ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n á dojú kọ. Dírìlì orí tábìlì ni. De igi tọ́ọ́rọ́ kan mọ́lẹ̀ lẹ́yìn pákó kó máa fara tì í, gbẹ́ ihò 10 ti ìlà kan tán, kó o tó sún igi yẹn sẹ́yìn 5/8 fún ìlà tó kàn. Fi ìṣó lu àmì sójú ihò kọ̀ọ̀kan kí ẹnu dírìlì má baà yọ̀. Ti ìdádúró jíjìn, tí kì í jẹ́ kí ẹnu dírìlì wọlé ju ibi tó o fẹ́ lọ, mọ́ ara ẹ̀rọ. Tó o bá ń fojú wọ̀n ọ́n, èèpo kan á ga, èkejì á rì, o ò ní lè fi ẹ̀tù wọn wéra.

Ẹnu dírìlì lásán máa ń fi ihò sílẹ̀ ní ṣóńṣó nísàlẹ̀. Ra onírù igi, tí abẹ́rẹ́ wà láàárín ẹ̀, tí a ń pè ní brad point. Ìdí rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́. Forstner, ẹnu dírìlì tó ń jẹ́ kí ìdí ihò tẹ́ pẹrẹsẹ, dáa jù ú lọ, àmọ́ 13/32 ẹ̀ ṣọ̀wọ́n.

Àbúrò Houston: Bí n ò bá wá rí brad point ńkọ́, ẹ̀gbọ́n?

Ẹ̀gbọ́n Káfíńtà, Columbus: Ó rọrùn. Mú plywood tó nípọn tó jíjìn ihò tó o fẹ́, 3/8 tàbí 5/8, gbẹ́ ihò já a síhìn-ín sọ́hùn-ún, kó o fi plywood 1/4 tẹ́ ẹ nídìí. Ìsàlẹ̀ á tẹ́ bí awo, ẹnu dírìlì tó wù kó jẹ́. Skúrù ni kó o fi dè é láti ìsàlẹ̀. Gọ́ọ̀mù máa ń rú wọ inú ihò, ó sì máa ń di òkè wẹ́wẹ́ tí èèpo á gùn.

Bàbá Ọdẹ, Dallas: Ẹ ṣé, káfíńtà. Ìsàlẹ̀ tó tẹ́ tún ń ṣe iṣẹ́ kan tí ọ̀pọ̀ ò fiyè sí: práímà (ohun kékeré nídìí èèpo tó ń dáná sí ẹ̀tù) tí kò wọlé dáadáa á yọ síta, èèpo yẹn á máa mì nínú ihò nígbà tí àwọn tó kù dúró gbọnin. Yọ ọ́ sọ́tọ̀ lójú ẹsẹ̀.

Àǹtí Maryland: Ṣé a lè kùn ún ní fáníìṣì?

Ẹ̀gbọ́n Káfíńtà, Columbus: Òkè àti ẹ̀gbẹ́ nìkan, àǹtí. Fáníìṣì inú ihò máa ń sọ ọ́ di tóóró, 0.012 tá a fi sílẹ̀ yẹn kì í pẹ́ tán. Bí ẹ bá lo òróró linseed, ẹ má ká àkísà ẹ̀ jọ o. Bó ṣe ń gbẹ ló ń gbóná, ó lè gbiná fúnra ẹ̀. Ẹ tẹ́ ẹ síta tàbí kẹ́ ẹ rì í sínú omi. Nínú yàrá tí ẹ̀tù wà, ẹ ò fẹ́ irú àlejò bẹ́ẹ̀.

Bàbá Ọdẹ, Dallas: Wàyí o, bí a ṣe ń lò ó. Pákó méjì ni kó o ṣe, kì í ṣe ọ̀kan. Dojú gbogbo èèpo dé nínú ti àkọ́kọ́. Gbé ọ̀kan, ki ẹ̀tù sí i, gbé e dúró sínú ti èkejì. Èyí tó bá dojú dé kò lẹ́tù, èyí tó bá dúró ti gbà. Bí ẹnì kan bá pè ọ́ lórí fóònù láàárín iṣẹ́, o ò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ronú ibi tó o dé.

Bó bá pé 50, tan tọ́ọ̀ṣì láti òkè, wo ìlà kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀kan bá ṣe ọ́ ní kàyéfì, dà á padà sórí òṣùwọ̀n. .38 Special ló léwu jù níbí. Láti 1898 ló ti wà, ẹ̀tù dúdú ni wọ́n sì ṣe èèpo ẹ̀ fún, torí náà ikùn ẹ̀ tóbi. Ẹ̀tù òde òní tó kéré, tó sì le, lè wọ inú ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì láì kún dé ẹnu. Èyí tí kò gba ẹ̀tù rárá náà burú: práímà nìkan lè ti ọta wọ àárín ọ̀pá ìbọn kó há síbẹ̀, èyí tó tẹ̀ lé e ló máa fa ọ̀pá ya.

Fún .223, nu ọ̀rá tó o fi pa á ṣáájú ìtẹ̀ kúrò pátápátá, títí kan inú ọrùn. Ẹ̀tù máa ń lẹ̀ mọ́ ọ̀rá.

Ẹ̀gbọ́n London: Àwa tiwa níbí, ìbọn ìléwọ́ ti di èèwọ̀ láti 1997, nítorí náà .38 àti .357 tí wọ́n ń yìn nínú ìbọn gígùn ni ọ̀pọ̀ ń ki. 29/64 tí Bàbá sọ yẹn ni. Ẹ rántí pé ọta tẹ́ ẹ ki nílé wà lára iye tí ìwé àṣẹ yín gbà yín láyè láti ní.

Àǹtí Maryland: Àbúrò, ṣé o ò bá ẹni tó ń kàwé gbé? Òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ò gba ẹni tó wà lórí físà bíi F-1 (ti akẹ́kọ̀ọ́) tàbí H-1B (ti òṣìṣẹ́) láyè láti ní ìbọn tàbí ọta lọ́wọ́, àfi tó bá wà lára àwọn tí òfin yọ sílẹ̀, bí ẹni tó ní ìwé àṣẹ ọdẹ. Green card ò sí nínú èèwọ̀ yẹn. Ti ara ẹni, o ò nílò láísẹ́ǹsì ìjọba àpapọ̀ láti ki í. Kíki í láti tà ni wọ́n ń gba láísẹ́ǹsì fún.

Àbúrò Houston: Èmi nìkan ni mò ń gbé, àǹtí. Green card wà. Maple, 13/32, pákó méjì: 3/8 fún 9mm, 5/8 fún .223.

Ẹ̀gbọ́n Káfíńtà, Columbus: Pákó mẹ́rin nìyẹn, méjì-méjì fún ọta kọ̀ọ̀kan. Gbẹ́ ihò kan ṣoṣo lórí àjákù igi ná, kó o ti èèpo bọ̀ ọ́. Bó bá ń há, igi wú ni tàbí ẹnu dírìlì ti kú. Bó bá ń wọlé, tó ń jáde láì fà á, tí kò sì fì, o lè bẹ̀rẹ̀.