"Aláìkú" kọ́, "atọ́jọ́" ni

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè.

Ẹ̀gbọ́n kan túmọ̀ ìwádìí ọ̀jọ̀gbọ́n onímọ̀ iṣẹ́ ilé àti afárá kan síbí, lórí kọnkéré tó ní irin nínú, tí kì í tètè bàjẹ́. Wọ́n pè é ní "kọnkéré onírin aláìkú". Mo bọ̀wọ̀ fún 30 ọdún tí wọ́n ní àwọn ti fi kọ́ni ní Yorùbá, àmọ́ n kò lè gbé "aláìkú" yìí mì. Ọba Àìkú, Ọlọ́run là ń kì bẹ́ẹ̀. Kọnkéré ń kú. Ikú rẹ̀ gan-an ni irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ dá lé: iyọ̀ òkun á máa rá wọnú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí á fi kan irin, irin á dípẹtà, ìpẹtà á wú ju irin tó jẹ lọ, kọnkéré á sì là. Òfin ìkọ́lé Yúróòpù tiẹ̀ ń dá ọjọ́ fún un: ilé gbígbé 50 ọdún, afárá 100.

Ọ̀rọ̀ wa ti wà nílẹ̀: tọ́jọ́. "Tó" àti "ọjọ́" ló fẹnu konu. Aṣọ yìí tọ́jọ́, ikú àìtọ́jọ́. Afárá Morandi ní Genoa, l'Ítálì, 1967 ni wọ́n ṣí i. Okùn irin tó wà nínú kọnkéré rẹ̀ jẹ, ó wó ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹjọ 2018, èèyàn 43 bá a lọ. Kò tọ́jọ́. Báwo ni "aláìkú" ṣe fẹ́ sọ ìyẹn?

Ẹnìkan kọ "atọ́jọ́" síbí láìfàmì sí i. Ẹ jọ̀ọ́! "Àtòjọ" ni ohun tí a tò jọ. "Atọ́jọ́" ni mo wí, ohùn òkè méjì lẹ́yìn.

Bíríkìlà ni bàbá mi. Kí wọ́n tó da dẹ́kìn, wọ́n á ki àtàǹpàkò bọ àárín pákó àti irin, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá kọnkéré á ráyè bo irin náà. Bí kò bá wọlé, wọ́n á ní ká fi bisikíìtì gbé irin náà sókè, sìmẹ́ǹtì pẹlẹbẹ tí a fọwọ́ ara wa ṣe. "Kó lè tọ́jọ́" ni wọ́n máa ń wí. N kò gbọ́ àìkú lẹ́nu wọn rí.

Ní ti "onírin", àwọn kan ní ẹni tó ń ta irin ni. Ọbẹ̀ ẹlẹ́ja kì í ta ẹja. Ẹ fi "onírin" sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹni tó dábàá "elégungun irin" dípò "onírin" lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ padà wá ṣàlàyé: bí irin bá jẹ́ eegun, kí la ó pe òkúta wẹ́wẹ́ inú kọnkéré?