Ìyá mi bá mi jà nínú fídíò, ni ọjà bá tà

Aláṣọ òkè, Òjé:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹni tó béèrè ohun tó ń mú kí àwọn èèyàn dá sí ọjà téèyàn bá gbé sórí Facebook, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi.

Ìyá mi ló ni ìsọ̀, èmi ni mo ni fóònù. Odidi ọdún kan, iṣẹ́ mi ò ju kí n ya fọ́tò aṣọ, kí n kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé "Ojúlówó aṣọ òkè wà o, ẹ bi wá ní inbox." Èèyàn mẹ́ta ló máa ń láìkì í: ọkọ mi, àbúrò mi, àti èmi fúnra mi. (Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin náà ń ṣe é.) Nígbà tó yá, mo ń lọ jí fọ́tò ìyàwó tuntun lójú ewé ẹlòmíì. Oníbàárà kan wá, ó ní aṣọ inú fọ́tò yẹn gan-an lòun fẹ́. N ò ní irú ẹ̀. Ojú gbà mí tì.

Lọ́jọ́ kan, mo gbé fóònù sójú ìdì aṣọ, mo ń dárúkọ wọn. Mo di ọ̀kan tó pupa fòò mú, mo ní, "Sányán wa rèé o." Àfi bí ìyá mi ṣe figbe ta lẹ́yìn mi: "Ta ló sọ fún ẹ pé sányán nìyẹn? Àlàárì nìyẹn! Ọmọ aláṣọ òkè, o ò mọ aṣọ!" Wọ́n já a gbà lọ́wọ́ mi. Wọ́n fa sányán gidi yọ, èyí tó rí bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí, wọ́n ní kòkòrò inú igbó ló ta òwú ẹ̀, ẹnikẹ́ni ò pa á láró. Wọ́n wá gbé ẹtù, wọ́n ní ẹ wò ó bó ṣe dúdú nínú aró, bí ìyẹ́ ẹyẹ ẹtù gẹ́lẹ́.

Mo fẹ́ pa fídíò náà rẹ́. Àbúrò mi ní rárá, kí n gbé e bẹ́ẹ̀. Kó tó di alẹ́, kọ́mẹ́ǹtì ti kún. Àwọn kan ń bá mi bẹ màmá, àwọn kan ń jà pé sányán ni baba aṣọ, àwọn mìíràn ní irọ́ ni, ẹtù ni.

Ẹ gbọ́ o: ọ̀pọ̀ nínú wọn wà lókè òkun, wọn ò ra nǹkan kan. Status WhatsApp tí mo gé e sí wẹ́wẹ́ lowó ti wọlé. Wákàtí 24 péré ló ń lò, ṣùgbọ́n àwọn tó ní nọ́ńbà mi tẹ́lẹ̀ ló ń wò ó: ará ṣọ́ọ̀ṣì, ará àdúgbò, ẹni tó ti rajà rí. Àwọn márùn-ún ló béèrè àlàárì lọ́sẹ̀ yẹn, mẹ́ta sanwó. Láti ìgbà náà ni mo ti ń kọ iye owó síbẹ̀ gbangba.

Aránṣọ, Mọ́kọ́lá:
Ẹ̀gbọ́n, ti iye owó yẹn ò ṣeé ṣe lọ́dọ̀ tiwa o. Bí mo bá kọ ọ́, aránṣọ ìsọ̀ kejì á dín tiẹ̀ kù kílẹ̀ tó ṣú. Ohun témi ń ṣe ni pé kí n tó gé aṣọ, mo máa ń gbé fọ́tò irú ọrùn aṣọ méjì síta, kí àwọn tó ń wò ó yan èyí tó wù wọ́n. Ẹni tó bá ti dá sí i á padà wá wo bó ṣe parí. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ gbàyè lọ́wọ́ ẹni tó ni aṣọ. Èmi ò gbàyè. Ó rí i pé wọ́n ń dìbò lórí aṣọ òun, ó ní kí n kó o fún òun láìrán.

Alámàlà, Bódìjà:
Ọmọ mi ló ń bá mi ká a sílẹ̀ bí mo bá ń ro àmàlà, ìró omorogùn àti èéfín ẹ̀. Aago mọ́kànlá àárọ̀ la máa ń gbé e jáde, kí ebi tó wọlé. A gbé e láago mẹ́rin rí, oúnjẹ ti tán. Èébú tí mo jẹ lọ́jọ́ yẹn!

Aláṣọ òkè, Òjé:
Ẹ ṣeun. Ìyá mi ti ń béèrè owó iṣẹ́ báyìí o. Wọ́n ní bí mo bá tún fẹ́ gbé fóònù, kí n jẹ́ kí àwọn kọ́kọ́ wé gèlè.