Àpótí tí a fi dáná

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Mo ti ka ìrírí àwọn tó sọ̀rọ̀ ṣáájú nípa ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n lọ wò. Tèmi náà ti ń jẹ mí lẹ́nu láti oṣù kẹfà, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́.

Memphis, ní Amẹ́ríkà, ni èmi àti ọkọ mi ń gbé. Bí ẹ bá gba títì tí wọ́n ń pè ní Highway 61 lọ sí apá gúúsù, ní nǹkan bíi wákàtí kan ààbọ̀ ẹ ó kan Clarksdale ní Ìpínlẹ̀ Mississippi. Oko lọ́tùn-ún, oko lósì, ilẹ̀ tẹ́jú lọ bí ẹní. Ilẹ̀ òwú ni. Níbẹ̀ ni àwọn ènìyàn dúdú, ọmọ àti ọmọ-ọmọ ẹrú, ti ń ro oko olóko, tí wọ́n ń pín ìkórè pẹ̀lú onílẹ̀, tí gbèsè kì í sì í jẹ́ kí nǹkan kù sí wọn lọ́wọ́. Àárín wọn ni orin blues ti jáde. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé orin náà, Delta Blues Museum, wà nínú ilé tí wọ́n ń kó ẹrù ọkọ̀ ojú irin sí láyé àtijọ́. 1918 ni wọ́n kọ́ ilé ọ̀hún. Mùsíọ́ọ̀mù fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ ilé ìkàwé ìlú ní 1979, ó sì kó dé ibẹ̀ ní 1999.

Gìtá pọ̀ níbẹ̀, aṣọ òṣèré pọ̀, àwòrán pọ̀. Mo ń wò ó, mo ń kọjá lọ. Àfi ìgbà tí mo dé iwájú ilé onípákó kan. Ilé ni o, ilé gidi, nínú ilé! Ibẹ̀ ni Muddy Waters, ìlú-mọ̀-ọ́n-ká olórin blues, ń gbé nígbà tó ń wa katakata ní oko Stovall. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn 1941, Alan Lomax àti John Work, àwọn tó ń kó orin ìbílẹ̀ jọ, gbé ẹ̀rọ wá bá a níbẹ̀, wọ́n gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ fún ilé ìkàwé ìjọba Amẹ́ríkà. Ìgbà tí wọ́n lu àwo náà fún un ló kọ́kọ́ gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Nígbà tó di 1943, ó wọ ọkọ̀ ojú irin, ó gba Chicago lọ, ayé sì gbọ́ orúkọ rẹ̀.

Pákó ilé náà rí gánrangànran, kò lọ́dà, ihò wà lára rẹ̀. Bí mo bá rí irú rẹ̀ lẹ́yìnkùlé ẹnìkan ní Ìjẹ̀bú, mo lè bèèrè pé kí ló dé tí wọn kò tíì wó o. Ṣùgbọ́n ìlú ń ṣọ́ ọ bí ojú. Pákó kan tó já lára rẹ̀ gan-an, wọn kò sọ ọ́ nù. Billy Gibbons tó ń ta gìtá nínú ẹgbẹ́ olórin rock tí wọ́n ń pè ní ZZ Top gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń kan gìtá ní Memphis níbí, wọ́n sì fi í ṣe gìtá. Gìtá náà wà níbẹ̀. Mo fojú ara mi rí i.

Ibi tí mo ti dúró wò ó pẹ́ ni bàbá àgbàlagbà kan tó ń mú àlejò káàkiri ti bi mí léèrè ibi tí mo ti wá. Mo ní Nàìjíríà, mo ní Yorùbá ni mí. Ó wá ń sọ fún mi bí àwọn ọmọdé agbègbè wọn ṣe máa ń kan wáyà mọ́ ara ògiri ilé, tí wọ́n á ki ìgò sábẹ́ rẹ̀ kí ó lè le, tí wọ́n á máa ta á. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn àgbà olórin wọn, ibẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ó ní òun náà ta á lára ògiri ìyá-ìyá òun títí wọ́n fi lù òun.

Èmi náà sọ ti bàbá mi fún un. Agídìgbo ni bàbá mi ń ta nínú ẹgbẹ́ àpàlà kan ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ìlú tí Àlàájì Hárúnà Ìṣọ̀lá kọ́ ilé ìgbohùnsílẹ̀ sí. Mo fọwọ́ ṣàlàyé bí àpótí náà ṣe tóbi tó, bó ṣe máa ń gbé e lé itan, tí yóò máa fi ìka ta irin orí rẹ̀, tí yóò sì máa gbá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí ìlù. Inú bàbá yìí dùn. Ó ní, "Níbo ni àpótí náà wà báyìí?"

Ẹ̀yin ará, n kò lè dá a lóhùn.

Nígbà fidáù ọjọ́ kẹjọ bàbá mi, àlejò pọ̀, kò sí àyè. Èmi ni mo ní kí wọ́n kó ẹrù yàrá rẹ̀ síta kí àwọn ará Ìbàdàn lè rí ibi sùn. Agídìgbo wà lára ohun tí wọ́n kó jáde. Òjò rọ̀ sí i, àpótí náà là. Igi ìdáná sì tán lọ́wọ́ àwọn alásè. Ẹ kò nílò kí n parí rẹ̀. Ìrẹsì tí a fi í sè, èmi náà jẹ níbẹ̀. Ọ̀nà Memphis jìn nígbà tí à ń padà láti Clarksdale lọ́jọ́ yẹn. Ọkọ mi kò bi mí ní nǹkan kan.

* * *

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún bàbá.

Kalakuta Museum ní òpópónà Gbemisola, Ìkẹjà, ni èmi lọ. Ilé tí Fẹlá gbé kẹ́yìn ni. 15 October 2012 ni wọ́n ṣí i, ọjọ́ tí ì bá pé ẹni ọdún 74. Ibojì rẹ̀ wà níwájú ilé. Ẹ ó rí yàrá rẹ̀ bó ṣe fi í sílẹ̀, ẹ ó rí bàtà rẹ̀ ní ìlà-ìlà. Bàtà yẹn ló mú mi, nítorí gìgísẹ̀ wọn ti jẹ. Ènìyàn ló wọ̀ wọ́n. Àmọ́ ilé tí sójà sun ní 18 February 1977, tí wọ́n ti ju ìyá rẹ̀ láti ojú fèrèsé, ọ̀nà Agége ni ìyẹn wà, kì í ṣe ibẹ̀. Inú mi dùn pé ti Fẹlá wà. Ti àwọn àgbà àpàlà àti sákárà ńkọ́? Ohun èlò wọn wà nínú àjà ilé àwa ọmọ wọn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ wo àjà.

* * *

Ẹ kú àárọ̀ mà. Mo mọ ẹnìkan tó ṣì ń kan agídìgbo. Irin mélòó ló wà lórí ti bàbá yín?

* * *

Ẹ ṣeun gan-an, àbúrò mi. Márùn-ún ni. Irin ayùn ni wọ́n gé, bàbá mi fi òkúta pọ́n ọn fúnra rẹ̀. Èyí tó gùn jù wà láàárín, ó máa ń dún yìnyìnyìn díẹ̀ bí ó bá ti gbóná. Ẹ bá mi sọ fún ẹni náà pé kó má ṣe tún ìyẹn ṣe.