Ṣé "ìṣúná àjọṣe" ni ká pè é? Ta ló ń sanwó, ta ló ń pín in?

Ẹ kú ìjókòó o ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ti ń ka ohun tí ẹ ń kọ lórí orúkọ tí a máa fún participatory budgeting, ìyẹn kí kánsù gbé owó iṣẹ́ ìlú kalẹ̀ kí àwọn ará àdúgbò fúnra wọn sọ pé gọ́tà la fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ ṣe, tàbí títì, tàbí ilé ìwé. Ẹ̀gbọ́n tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ní ká pè é ní "ìṣúná àjọṣe", ọ̀pọ̀ yín sì ti ṣe àmín. Èmi ò lè ṣe àmín yẹn o, ẹ má bínú.

Ó dùn létí, mi ò jiyàn. Àmọ́ ẹ gbé e lọ sí Ìkòròdú tàbí Ọ̀tà, kẹ́ ẹ sọ níbi ìpàdé lańlọ́ọ̀dù pé kánsù fẹ́ bá yín ṣe ìṣúná àjọṣe. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa bi yín ni pé "èló lẹ bù fún ilé kọ̀ọ̀kan?" Kí ló dé tí wọn ò ní béèrè? CDA, ìyẹn ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, ló ń dáwó ra tiransifọ́mà, CDA ló ń dáwó gba katapílà tó ń ha títì lẹ́yìn òjò, àní iṣẹ́ CSDP, ètò ìdàgbàsókè àdúgbò tí Báńkì Àgbáyé fowó ṣe nígbà kan, àdúgbò ní láti mú ìdá kan nínú mẹ́wàá owó rẹ̀ wá kí wọ́n tó dá wọn lóhùn. Bí etí wa bá ti gbọ́ "àjọ", alájọ ti kan ilẹ̀kùn nìyẹn.

Ohun tí wọ́n ṣe ní Porto Alegre ní Brazil, níbi tí nǹkan yìí ti bẹ̀rẹ̀, kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ní 1989 tí ẹgbẹ́ òṣèlú àwọn òṣìṣẹ́, PT, gba ìlú náà, tí Olívio Dutra di mẹ́yọ̀, kò sẹ́ni tó ní kí tálákà dá kọ́bọ̀. Owó orí àti owó tó ti wà lápò ìlú ni wọ́n gbé síta. Wọ́n pín ìlú sí ẹkùn 16, ẹkùn kọ̀ọ̀kan ń ṣèpàdé, wọ́n ń ka ọwọ́, wọ́n ń yan aṣojú tí wọ́n lè yọ tó bá ń ṣe tinú ara ẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá wá fẹ́ pín owó, nǹkan mẹ́ta ni wọ́n ń wò: kí ni ẹkùn yìí ò ní, èèyàn mélòó ló wà níbẹ̀, kí ni wọ́n fi ṣáájú nínú ohun tí wọ́n béèrè. Èyí àkọ́kọ́ yẹn ló jẹ́ kí owó máa rọ́ lọ sí orí òkè lọ́dọ̀ àwọn tí kò ní omi ẹ̀rọ, torí ẹni tó rí towó ṣe ní adúgbò olówó kò lè fi ariwo gbà á. Báńkì Àgbáyé kọ ọ́ pé ilé tó ní omi ẹ̀rọ àti ọ̀nà omi ìdọ̀tí jẹ́ 75% ní 1988, ó ti di 98% ní 1997.

Àǹtí wa tó ní "ìṣúná onífikùnlukùn" sún mọ́ ọn jù ìyẹn lọ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, gbogbo wa la mọ ìfikùnlukùn ìjọba. Wọ́n á ta kánópì, wọ́n á gbé maikirofóònù yíká, ìyá ọlọ́jà á sọ tiẹ̀, gómìnà á mi orí, bọ́jẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti tẹ̀ tẹ́lẹ̀ náà ni wọ́n á gbé jáde. Èèyàn lè fikùn lukùn títí kó má mú nǹkan kan bọ̀.

Tèmi ni "ìṣúná àdìbòpín". À-dìbò-pín, owó tí a dìbò pín. Mo mọ̀ pé ẹnìkan máa ní ìbò ti bàjẹ́ lẹ́nu wa, pé tóògì àti ìrẹsì ló ń múni rántí, àmọ́ ìbò ti wà kí INEC tó dé, ẹ bi àwọn babaláwo. Bọ̀ọ̀dá wa tó ń gbé Chicago náà lè jẹ́rìí: ní Wọ́ọ̀dù 49 níbẹ̀, káńsẹ́lọ̀ Joe Moore gbé bíi mílíọ̀nù dọ́là kan àti díẹ̀ sílẹ̀, nígbà tó di 2010 àwọn tó lé ní 1,600 jáde wá dìbò lórí ojú títì, iná àti ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, ọmọ ọdún 16 sókè lẹ́tọ̀ọ́ sí i, ìwé ọmọ orílẹ̀-èdè kò pọn dandan. Ẹ ò rí i pé ìbò ni gan-an?

Ibi tó kù díẹ̀ káàtó ni pé ilé aṣòfin ìlú ló ṣì ń fọwọ́ sí bọ́jẹ́ẹ̀tì ní Porto Alegre, ìjọba ìlú sì dá ètò náà dúró ní 2017. Tí ẹ bá ní "pín" ti fún aráàlú lágbára ju èyí tí wọ́n ní lọ, mo gbọ́. Nígbà náà "àdìbòbéèrè" ńkọ́? Àmọ́ àjọṣe, rárá, ẹ fi yẹn sílẹ̀ fún CDA.