Àbọ̀ ọ̀rọ̀ àwo giramófóònù bàbá mi àgbà

Mo bèèrè níjọ́sí bí mo ṣe lè júwe ipò àwo 23 tí bàbá mi àgbà fi sílẹ̀ ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì fún ẹni tó fẹ́ rà wọ́n n'Íbàdàn. Ẹ ṣé o, ó ti yanjú.

Tọ́ọ̀ṣì ló ṣiṣẹ́ jù. Mo paná yàrá, mo tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀gbẹ́, kì í ṣe látòkè. Háà! Àwo mẹ́fà tí mo ti kọ "ó dára" sí, ojú wọn kún fún ìlà wẹ́wẹ́ bíi pákó tí wọ́n fi ń gé ẹ̀fọ́.

Fífi ìka gbá etí àwo láti gbọ́ bó ṣe ń dún ṣiṣẹ́ díẹ̀. Méjì tó ti sán dún bí ìkòkò tó là, ṣùgbọ́n ẹ̀kẹta dún geere. Tọ́ọ̀ṣì ló tú u fó.

Ọpẹ́lọpẹ́ ẹni tó ní kí n má fi sípíríìtì nù wọ́n. Ṣẹ́láàkì, oje líle tí wọ́n fi ń ṣe àwo àtijọ́, ni wọ́n; ọtí inú sípíríìtì a máa yọ́ ọ. Aṣọ tútù díẹ̀ ni mo lò, mi ò jẹ́ kó kan bébà àárín.

Àpẹẹrẹ ohun tí mo kọ ránṣẹ́ rèé: "Etí ṣá níbi kan, kò dé ibi orin. Ojú ni mo fi wò ó, mi ò tíì gbọ́ ọ." Oníbàárà mú 20, kò dúnàá dúrà. Mẹ́ta tó sán wà lọ́dọ̀ mi.

Ìró nìkan ló kù. Abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ mi, ti àwo rọ́bà ni. Ti 78, ìyẹn irú àwo ṣẹ́láàkì yìí tó ń yí bí ìgbà 78 ní ìṣẹ́jú kan, nípọn jù ú lọ. Mò ń wá a.